Òkè ni a kọ́kọ́ gùn: ohun tí ojú wa rí ní Almaty pẹ̀lú ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SC

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo kọ ètò ìrìn àjò wa lọ sí Almaty, ìlú ńlá kan ní orílẹ̀-èdè Kazakhstan, sí. Ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní orúkọ ibi mẹ́sàn-án fún ọjọ́ mẹ́jọ, wákàtí tí wọ́n ń ṣí ibi kọ̀ọ̀kan, iye tí àgbà ń san àti iye tí ọmọdé ń san. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta nínú wọn ni mo kọ nọ́ńbà sí: 1,691, 2,260, 3,180. Mítà ni, bí ibẹ̀ ṣe ga ju ojú òkun lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ wọ́n. Inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń kọ wọ́n, torí mo rò pé bí òkè bá ṣe ga tó ni àwòrán tí a máa yà níbẹ̀ ṣe máa rẹwà tó. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Mi ò bi ara mi léèrè lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé kí ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi máa sọ sí nọ́ńbà wọ̀nyẹn.

Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa. Ẹ̀jẹ̀ tèmi AS ni, ti ọkọ mi AC. Àkọ́bí wa, obìnrin, ọmọ ọdún 11, SC ni, irú kan nínú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 8, àbígbẹ̀yìn wa jẹ́ ọmọ ọdún 4, ara àwọn méjèèjì le. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde máa mọ̀ pé SC máa ń tanni jẹ. Ọmọ náà lè lo odindi ọdún kan láìké ìrora, á máa sáré, á máa jó, á máa bá àbúrò rẹ̀ jà sí rìmóòtù, títí ìwọ ìyá rẹ̀ á fi gbàgbé pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Mo gbàgbé. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, òun ló sì mú mi jókòó láti kọ èyí.

Aberdeen là ń gbé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì ní Atyrau, ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Kazakhstan, nítòsí òkun Caspian. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin níbi iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nílé. Nígbà tí àwọn ọmọ gba ọlidé oṣù Keje, a pinnu pé dípò kó máa bọ̀ wá bá wa, àwa la máa lọ pàdé rẹ̀. Atyrau tẹ́jú pẹrẹsẹ, ooru ibẹ̀ sì pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń sọ fún un pé tó bá jẹ́ tàwọn ọmọ, Almaty ni kó gbé wọn lọ. Ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ àwa àtàwọn ọmọ, ẹni tó bá sì ní in kò nílò físà tí kò bá ní ju 30 ọjọ́ lọ ní Kazakhstan. Màmá mi tó wà ní Ìbàdàn ò rí bá wa lọ, torí tiwọn gbọ́dọ̀ gba físà, a ò sì tètè bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó wọ bàálù, mo ṣe gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọ mi ti ń kọ́ wa láti ọdún pípẹ́: kó máa mu omi nínú bàálù, kó máa dìde rìn, kó wọ súẹ́tà. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ inú bàálù tó ń fò dà bí ti orí òkè tó ga tó 1,800 sí 2,400 mítà. Nọ́ọ̀sì náà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ẹ wá wò ó: mo mọ̀ pé bàálù dà bí òkè, síbẹ̀ mi ò ronú kàn án pé òkè gan-an ni mò ń gbé ọmọ lọ. Mi ò pe nọ́ọ̀sì náà rárá, torí pé ìbéèrè bàálù nìkan ni mo rò pé ó wà, mo sì ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

Òru la dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àbígbẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ká aṣọ fèrèsé, ló bá kígbe pé, "Mọ́mì, yìnyín wà lópin títì!" Òótọ́ ni. Tí ẹ bá dúró lójú pópó ní Almaty, tí ẹ kọjú sí gúúsù, òkè Alatau ló máa kún ojú yín, yìnyín funfun lórí rẹ̀ nínú oṣù Keje, nígbà tí oòrùn ń jó yín lẹ́yìn ọrùn. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ pé àríwá tàbí gúúsù tí wọ́n bá ń júwe ọ̀nà. Lọ sókè, ìyẹn ni pé kọjú sí òkè Alatau. Lọ sísàlẹ̀, kẹ̀yìn sí i. Nígbà tí a ti mọ èyí, a ò ṣìnà mọ́. Ohun tí a tún rí nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá kó ọmọ dání, kó wọ bọ́ọ̀sì lọ sókè, kó wá fẹsẹ̀ rìn sísàlẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni a ṣe òdìkejì rẹ̀, mo sì gbé ọmọ ọdún 4 pọ̀n gun títì fún wákàtí kan.

Lẹ́bàá ọ̀pọ̀ títì ni wọ́n la gọ́tà tóóró kan sí, aryk ni wọ́n ń pè é, omi tó ń ti orí òkè ṣàn wá ló ń gba inú rẹ̀ kọjá lábẹ́ igi. Àwọn ọmọ ń ju ewé sínú rẹ̀, wọ́n ń sáré tẹ̀ lé ewé náà. Mò ń fà wọ́n lọ́wọ́ pé kí wọ́n jẹ́ ká máa lọ, pé ibi tí a wá wò kọ́ nìyí.

Ọjọ́ kejì, a lọ sí ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Kok Bazar, ọjà aláwọ̀ ewé. Ẹ gbé ọmọ yín lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọlé. Àwọn tó ń ta èso gbígbẹ máa ń na ọwọ́ sí ọmọdé pé kó tọ́ ọ wò. Wọ́n tún ń ta kurt, wàrà kíkan tí wọ́n fún omi rẹ̀, tí wọ́n po iyọ̀ mọ́, tí wọ́n ká ní róbótó, tí wọ́n sì sá gbẹ títí ó fi le bí òkúta. Àkọ́bí mi fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, a ra ọ̀rá kan fún un. Ẹ rántí kurt yìí, mo máa padà sí i. Ibi tí ọjà náà ti le fún wa ni ìsọ̀ ẹran. Ẹran ẹṣin pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń ki í sínú ìfun ẹṣin láti fi ṣe kazy, oúnjẹ iyì tí wọ́n fi ń ṣàlejò. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń kọ́ ẹṣin gígùn nílé bú sẹ́kún láàárín ọjà. Obìnrin tó ń ta ẹran rò pé òun lòun dẹ́rù bà á, ojú tì mí fún àwa méjèèjì. Ká ní mo ti sọ fún un nílé pé bí a ṣe ń jẹ ẹran màlúù tiwa ni wọ́n ń jẹ ti ẹṣin, kì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Nǹkan mìíràn tí mi ò sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn á máa wò wá. Wọ́n wò wá, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, àwọn kan ní kí a jọ ya fọ́tò. Kò sí ẹni tó ṣe wá níbi. Ṣùgbọ́n ó sú àbígbẹ̀yìn mi pé àwọn àgbà ń fọwọ́ kan irun rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni a kọ́ àwọn ọmọ láti máa sọ pé "rakhmet", ìyẹn ni pé ẹ ṣeun, kí wọ́n máa mi orí, kí wọ́n sì bọ́ sẹ́yìn bàbá wọn. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì sí ẹni tó bínú.

Láti ọjà a rìn lọ sí ọgbà Panfilov, kò jìnnà. Ṣọ́ọ̀ṣì onígi aláràbarà kan wà láàárín rẹ̀, ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Zenkov ló kọ́ ọ láàárín 1904 sí 1907. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní 1911, ìlú bàjẹ́ gan-an, ṣọ́ọ̀ṣì náà dúró. Ọmọ mi ọkùnrin ti gbàgbé ẹṣin, ó ń kan ògiri pẹ̀lú ìka rẹ̀ láti mọ̀ bóyá igi ni lóòótọ́. Ẹyẹlé kún iwájú ibẹ̀. A ìbá jókòó níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìwé kékeré mi ló ń lé wa.

Ọjọ́ kẹta ni mo kọ òkè sí. Bàbá wọn ní kí a jẹ́ kí ọjọ́ mélòó kan kọjá ná, kí àárẹ̀ bàálù kúrò lára àwọn ọmọ, torí wákàtí mẹ́rin ni Almaty fi ṣíwájú wa, oorun ò sì tíì tò fún wọn. Èmi ni mo ní rárá, pé ojú ọjọ́ dára lónìí. Nígbà tí a ń múra, mo tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ń kábàámọ̀ títí di òní: mo ní kí wọ́n má mu omi púpọ̀, ká má baà máa wá ilé ìtọ̀ kiri lójú ọ̀nà. Èmi ìyá ọmọ SC ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́. Kurt oníyọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ń lá a bí súìtì.

A wọ bọ́ọ̀sì 12 lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì gíga tó wà ní òpópónà Dostyk, ó gbé wa dé Medeu, pápá ìyọ̀ lórí yìnyín tí wọ́n kọ́ ní 1972, ní gíga 1,691 mítà. Lókè rẹ̀ ni ìdíwọ́ ńlá kan wà tí wọ́n fi ń dá ẹrẹ̀ àti òkúta tó bá ya wálẹ̀ láti orí òkè dúró. Ní 1921 irú omíyalé bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn púpọ̀ nínú ìlú, ṣùgbọ́n nígbà tí òmíràn dé ní 1973, ìdíwọ́ yìí ló gbà á. Àtẹ̀gùn 842 ló gun orí rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run pé a ò gùn ún. Àpótí onígíláàsì tí okùn irin ń fà lójú òfurufú la wọ̀ láti Medeu dé Shymbulak, 2,260 mítà. Àwọn ọmọ ń pariwo ayọ̀. Láti ibẹ̀ a wọ òmíràn, a tún wọ òmíràn, títí a fi dé ojú ọ̀nà Talgar, 3,180 mítà. Àárín ìlú tí a ti jí láàárọ̀ ò ju bíi 800 mítà lọ. Kó tó di ọ̀sán la ti gun ohun tó lé ní kìlómítà méjì lọ sókè, a ò sì fẹsẹ̀ rìn, ara ò mọ̀ pé òun ń gòkè. Ohun tó ń tan ènìyàn nípa àwọn àpótí yẹn nìyẹn. Ẹsẹ̀ yín ò ní rẹ̀ yín, ẹ máa rò pé ẹ kò ṣe nǹkan kan.

Atẹ́gùn òkè yẹn gún wa wọ eegun. Ṣẹ́ẹ̀tì tín-ínrín ló wà lọ́rùn àwọn ọmọ, mo mú súẹ́tà méjì dání fún ẹni mẹ́ta. Ẹ gbọ́, nínú oṣù Keje, lọ́jọ́ tí ooru ń mú nísàlẹ̀ ìlú. Mo ní kí wọ́n tò fún fọ́tò. Àkọ́bí mi ní inú ń run òun, lápá òsì, lábẹ́ ìhà. Mo ní kurt ni. Ó tún sọ ọ́. Mo ní kó fara dà á díẹ̀, a fẹ́ ya ìkan sí i. Ó sì dúró, ó rẹ́rìn-ín fún mi. Fọ́tò náà wà lórí fóònù mi, mi ò tíì lè pa á rẹ́, mi ò sì lè wò ó. Lẹ́yìn tí mo yà á tán, ó jókòó sílẹ̀ lórí òkúta, ètè rẹ̀ ti ń ṣì, ó ń mí gúlegúle. Bàbá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀."

Ìsọ̀kalẹ̀ náà pẹ́ bí ọdún. Ìpele mẹ́ta la máa gbà. Bí àpótí náà ṣe ń rọra rìn ni ọmọ ń sunkún láìpariwo, mo wé e sínú súẹ́tà méjèèjì, mo ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀ látinú ìgò àbúrò rẹ̀. Oògùn ìrora rẹ̀ wà nínú báàgì ńlá ní òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí a dé Medeu, a pe 103, nọ́ńbà ọkọ̀ aláìsàn wọn. Ẹni tó gbé e ń sọ èdè Rọ́ṣíà, ti ọkọ mi ò sì ju ti ẹnu iṣẹ́ lọ, kò mọ ọ̀rọ̀ àìsàn. Màmá àgbàlagbà kan tó kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá ṣeré ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá wọn sọ ibi tí a wà. Ó bọ́ ìbòrùn rẹ̀, ó fi bo ọmọ mi, ó jókòó tì í, ó ń tọ́ka sí àyà ara rẹ̀ pé "apa, apa". Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà nìyẹn. Ọkọ̀ dé, ó kọ̀ kò gba ìbòrùn rẹ̀ padà. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo máa ń gbàdúrà fún un.

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé wa lọ, dókítà tó gbà wá jẹ́ ọ̀dọ́, ó tutù, ó sì sọ òtítọ́ fún wa pé inú ìwé lòun ti mọ àìsàn yìí, òun ò tíì tọ́jú ẹni tó ní in rí. Kí ẹnì kan má bínú sí i. Àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n gan-an lápá ibẹ̀. Àwa ló yẹ kó mú ìwé dání. Wákàtí àkọ́kọ́ lọ sórí kí a máa tẹ ọ̀rọ̀ sínú fóònù, kí fóònù máa yí i sí èdè Rọ́ṣíà, kí òun náà tẹ̀ ẹ́ padà. Serpovidnokletochnaya anemiya ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Rọ́ṣíà pẹ̀lú irú ọmọ yìí, ẹ ní kí dókítà yín kọ lẹ́tà, kí atúmọ̀ èdè tó mọṣẹ́ yí i sí Rọ́ṣíà: irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, oògùn tó ń lò, èyí tí kò bá a lára mu, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe tí ìrora bá dé, àti nọ́ńbà ilé ìwòsàn yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ má fi í sórí fóònù nìkan. Bátìrì fóònù mi kú lọ́jọ́ náà kó tó di aago mẹ́rin.

Wọ́n fún un ní ọ́síjìn, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Nígbà tí wọ́n yàwòrán inú rẹ̀, ẹ̀yà ara tí àwọn dókítà ń pè ní spleen, èyí tó wà lábẹ́ ìhà òsì, ti wú, apá kan rẹ̀ ò sì rí ẹ̀jẹ̀ tó. Ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún wa, tí nọ́ọ̀sì wa ní Aberdeen náà sì sọ nígbà tí mo pè é pẹ̀lú ẹkún, ni pé níbi tó ga, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí sínú fúyẹ́, ọ́síjìn tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ dín kù. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ní S nínú, tí ọ́síjìn bá ti dín, á ká kọ́rọ́ bíi dòjé, á há sínú iṣan. Òtútù ń fún iṣan pọ̀, àìmu omi ń mú ẹ̀jẹ̀ ki. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo kó bá a lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, spleen ti gbẹ láti kékeré, ṣùgbọ́n ti àwọn SC sábà máa ń wà síbẹ̀, ìdí nìyí tí òkè fi lè kọ lu wọ́n níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà tún sọ ohun kan tí ó bà mí lẹ́rù: ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn tó jẹ́ AS pàápàá, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Èmi náà AS ni. Ọmọkùnrin mi náà AS ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé AS ò ní nǹkan kan ṣe, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó gòkè tó ga.

Òru méjì ni a lò níbẹ̀. Lóru àkọ́kọ́ mo jókòó tì í, mo ń ka gbogbo ìgbà tó sọ fún mi pé inú ń run òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ọmọ tó ní àìsàn yìí mọ ara rẹ̀ ju wa lọ. Tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ra ìwé adójútòfò ìrìn àjò, wọ́n bi mí bóyá ẹnikẹ́ni nínú wa ní àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀. Mo fò ó, kí owó má baà lé. Nítorí náà a san gbogbo rẹ̀ látinú àpò ara wa, a ò sì ní ẹni tí a máa bá jà. Ẹ kọ òtítọ́ síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi wá sílẹ̀, dókítà náà ní kí a má gun òkè mọ́ rárá, kí a dúró nínú ìlú, kí ọmọ máa mu omi, kí ara rẹ̀ máa gbóná, kí ó má ṣe ohun tó máa rẹ̀ ẹ́. Mo ṣí ìwé kékeré mi. Mo fa igi lé adágún Almaty ńlá, torí 2,511 mítà ni. Mo fa igi lé àfonífojì Charyn, kì í ṣe torí pé ó ga, ṣùgbọ́n torí pé ó tó 200 kìlómítà sí ìlú, oòrùn ibẹ̀ le, ilé ìwòsàn sì jìnnà. Ọmọkùnrin mi sunkún nítorí Charyn, mo jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà mo ya ojú ìwé náà sọ nù, mo bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe.

Àbígbẹ̀yìn ní òun fẹ́ ju ewé sínú gọ́tà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí Almaty. Ohun kan láàárọ̀, oorun ọ̀sán, ohun kan nírọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti rọ̀. A tẹ̀ lé ewé láti òpópónà kan dé èkejì. A wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 2011, kì í ṣe pé a ní ibi tí a ń lọ, àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀ la lọ wò. Àtẹ̀gùn tó ń dá rìn gùn wọ ilẹ̀ lọ débi pé àwọn ọmọ ń ka ìṣẹ́jú. Ibùdókọ̀ Baikonur, tí wọ́n fi orúkọ ibi tí Kazakhstan ti ń rán rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí òfurufú sọ, ni ọmọkùnrin mi ò fẹ́ kúrò. A sọ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Owó ọkọ̀ kékeré ni, ibẹ̀ tutù láìle, kò sí oòrùn, àga wà. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, mi ò rí ibi tó dára jù ú lọ ní gbogbo ìlú.

Ilé onígi kan tún wà nínú ọgbà Panfilov, iṣẹ́ ọwọ́ Zenkov kan náà, tí wọ́n kó ohun èlò orin ilẹ̀ Kazakh jọ sí. Mo ti fò ó kọjá tẹ́lẹ̀ torí mo rò pé á sú àwọn ọmọ. A rí dombra olókùn méjì, a rí kobyz, tí wọ́n fi irun ẹṣin ṣe okùn rẹ̀, tí wọ́n sì fi ọrun onírun ẹṣin ń fà á. Nígbà tí a gbọ́ ohùn rẹ̀, ọkọ mi kígbe pé, "Gòjé nìyí!" Ó sọ fún àwọn ọmọ nípa àwọn onígòjé tó máa ń wá síwájú ilé bàbá rẹ̀ àgbà ní Ọ̀yọ́, ó ń fi ọwọ́ òfìfo ṣe bí ẹni ń ta gòjé. Àkọ́bí mi rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ òkè nìyẹn. Ọmọkùnrin mi wá bi í pé ṣé irun ẹṣin tó ṣì wà láàyè ni.

Oúnjẹ náà yanjú nígbà tí a dẹwọ́ sáré. Baursak ni ìyẹ̀fun tí wọ́n dín lọ́ràá, puff-puff ni àwọn ọmọ ń pè é títí a fi lọ. Wọ́n ń jẹ plov, ìrẹsì tí wọ́n se pọ̀ mọ́ ẹran àti kárọ́ọ̀tì, wọ́n sì ń mu omi ọbẹ̀ lagman, èyí tó jẹ́ oògùn fún mi, torí omi lọ̀nàkọnà ni mò ń wá. Kurt, mo fi dú u. Nínú ọgbà ohun ọ̀gbìn, bàbá àgbà kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kọ́ àwọn ọmọ pé "ata" ni kí wọ́n máa pe òun, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá àgbà lédè Kazakh. Àbígbẹ̀yìn mi wojú mi: "Mọ́mì, ṣé ata tó ń ta ni?" Bàbá náà fún wọn ní ápù kékeré kọ̀ọ̀kan. Ápù ni orúkọ ìlú náà tàn mọ́. Orí òkè wọ̀nyẹn ni igi ápù ìgbẹ́ tí ápù gbogbo ayé ti ṣẹ̀ wá ń hù sí, onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ará Rọ́ṣíà náà, Vavilov, sì wá wò wọ́n níbẹ̀ ní 1929. Ápù ńlá tó lókìkí jù níbẹ̀, aport, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pọ́n. A ò bá a.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ lọ sí Kok-Tobe, òkè kékeré tí òpó tẹlifíṣọ̀n ìlú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ohun ìṣeré ọmọdé wà, tí ènìyàn ti ń rí iná gbogbo ìlú lálẹ́. Àpótí tí okùn irin ń fà ló ń gbéni lọ. Ọkàn mi já. Mo pe dókítà yẹn kí n tó dáhùn, ó ní kí a lọ, kí a má pẹ́, kí ọmọ wọṣọ. Súẹ́tà mẹ́rin ni mo kó dání. Ìgò omi mẹ́ta. Oògùn wà nínú àpò mi, lẹ́tà tí ọkọ mi ti lọ jẹ́ kí wọ́n kọ ní èdè Rọ́ṣíà wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó kàn wá láti wọlé, àkọ́bí mi dúró lẹ́nu ọ̀nà àpótí náà, kò wọ̀ ọ́. Ó kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣílẹ̀kùn, ó ní kí dádì rẹ̀ bá òun bi í pé mítà mélòó ni òkè. Àwọn èrò ń dúró lẹ́yìn wa. Ọkọ mi bi í. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó ní bíi 1,100. Ọmọ mi ṣírò rẹ̀ lórí ìka, ó yọ ìlú kúrò nínú òkè, ó ṣí ìgò omi, ó mu tó ìdajì, ó wá fa ọwọ́ àbúrò rẹ̀ wọlé.